Sátífíkéètì pọ̀ n'Íbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ẹni tó mọṣẹ́ ló wọ́n: Ohun tó yẹ kí oníléeṣẹ́ kékeré mọ̀

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2012, ìròyìn kan jáde láti iléeṣẹ́ Dangote tó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn ń wá àwọn tó jáde yunifásítì tí wọ́n máa wa ọkọ̀ akẹ́rù, àyè 100 ni wọ́n sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa ka lẹ́tà àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà, ó ti tó 13,000. Àwọn tó ní dìgírì àkọ́kọ́ nínú wọn lé ní 8,460, àwọn tó ní dìgírì kejì jẹ́ 704, àwọn tó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìyẹn PhD, jẹ́ 6. Bí àwọn kan ṣe ń rẹ́rìn-ín ni àwọn mìíràn ń káàánú, nítorí kò sí ìyá tó máa ta aṣọ ara rẹ̀ rán ọmọ lọ sí yunifásítì, tó máa gbàdúrà pé kí ọmọ náà jáde kó lọ máa wa tírélà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò bèèrè nígbà náà. Nínú àwọn tó lé ní 9,000 tí wọ́n ní dìgírì yìí, mélòó ló mọ tírélà wà? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ kan ẹni tó ní iléeṣẹ́ kékeré. Ìwé tí èèyàn kà lè ju iṣẹ́ tó ń wá lọ, kí iṣẹ́ yẹn kan náà sì tún ju ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí.

Lónìí, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí lọ̀rọ̀ náà wá fìdí kalẹ̀ sí. Lójú ọ̀nà tó ti Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́, láti Ṣàngótẹ̀dó dé Awóyáyà, Lákọwé, Bógíje títí dé Ẹlẹ́kọ, oníṣòwò tó bá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé òun ń wá akọ̀wé lè rí lẹ́tà tí apá rẹ̀ ò ní í ká. Kí oníṣòwò kan náà máa wá ẹni tó lè tún fíríìsà ńlá tó fi ń tọ́jú ẹja ṣe, tí kò ní í bà á jẹ́ sí i, ó lè wá a tì. Owó tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́ kékeré pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà tí wọ́n lè fi dín in kù.

Oríṣi mẹ́ta ni

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ kárí ayé pín àìbáramu ìwé àti iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó dára kí oníṣòwò mọ èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, nítorí oògùn wọn ò jọra.

Èkíní ni kí ìwé ju iṣẹ́ lọ. Ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ wa tírélà wà níbẹ̀, ọmọ tó gba dìgírì nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tó wá ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní súpámákẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta láti ọjọ́ tó ti wọlé. Bí iṣẹ́ tó sàn ju èyí lọ bá yọjú, ó dàbọ̀ ló máa sọ.

Èkejì ni kí ìwé àti iṣẹ́ má tan mọ́ra wọn rárá. N'Íbẹ̀jú-Lẹ́kkí, òwò ilẹ̀ títà ni èyí ti hàn jù. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Faransé, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn, gbogbo wọn lèèyàn lè bá níbi tí wọ́n ti ń mú oníbàárà lọ wo ilẹ̀. Èyí kì í ṣe àléébù dandan. Ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó ń pa àdéhùn mọ́, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, lè tajà ju ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kàwé nípa ọjà títà lọ.

Ẹ̀kẹta ló ń dun oníléeṣẹ́ kékeré jù. Ìwé bá iṣẹ́ mu, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò mọ iṣẹ́. Ọmọ gba dìgírì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tí kò mú iná wá síwájú rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo àwòrán. Ọmọ náà ò parọ́ nípa ìwé tó kà, ó sì mọ ìṣirò rẹ̀ lórí bébà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó lè má tíì fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí títí tó fi jáde.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débi tó dé

Nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1948, ohun tí ìjọba nílò ni àwọn tó máa jókòó sí ọ́fíìsì táwọn òyìnbó máa fi sílẹ̀. Ẹni tó bá jáde nígbà náà, iṣẹ́ ló ń dúró dè é. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n fọwọ́ ṣe, nítorí iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ tó ń lọ ṣe. Látibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti gbà pé ìbejì ni dìgírì àti iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí àmì fi hàn pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni, ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń jèrè rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó jáde iléèwé ò fẹ́ padà sóko bàbá wọn mọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì ò sì kárí. Láti ọdún 1959 ni ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ibùdó oko sílẹ̀, èyí táwọn èèyàn ń pè ní sẹ́tímẹ́ǹtì, káwọn ọ̀dọ́ tó kàwé lè máa fi ìmọ̀ ìgbàlódé dáko. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí wọ́n ti ń wá bí ìwé àti iṣẹ́ ṣe máa bára mu.

Ìjọba àpapọ̀ náà gbìyànjú tirẹ̀. Wọ́n dá àjọ ITF sílẹ̀ lọ́dún 1971 láti máa kọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Àjọ náà ló bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES lọ́dún 1973, èyí táwọn ọmọ iléèwé ń pè ní IT, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi oṣù mélòó kan ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ kó tó gboyè jáde. Lọ́dún 1982, ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé. Èrò wọn ni pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá sí iṣẹ́ ọwọ́ máa yà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n ra ẹ̀rọ wá fáwọn iléèwé, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ kò sí iná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, inú páálí ni ẹ̀rọ náà wà tó fi dógùn-ún.

Nígbà tó di ọdún 1986 tí ètò SAP wọlé, ìjọba dín iye òṣìṣẹ́ tó ń gbà kù. Bẹ́ẹ̀ àwọn yunifásítì ò dín kù, ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Wọ́n ti lé ní 250 báyìí ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò JAMB lọ́dọọdún sì ń tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2. Ilé ìwé ń tú wọn jáde, ọ́fíìsì tí wọ́n torí rẹ̀ kàwé ò sì sí níbì kankan.

Iṣẹ́ wà n'Íbẹ̀jú-Lẹ́kkí, irú iṣẹ́ wo ni?

Ẹja pípa àti àgbọn ni wọ́n fi mọ àwọn ìlú etí òkun yìí tẹ́lẹ̀. Ọdún 2006 ni ètò Lekki Free Zone bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá làwọn iléeṣẹ́ ńláńlá wá ń tẹ̀lé ara wọn wọlé. Wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote, tó lè ṣe mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ní oṣù Kẹta, ọdún 2022. Wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kkí, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2023, òwò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote, tó lè fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Dísù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, bẹntiróòlù sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Alhaji Aliko Dangote kéde pé wọ́n máa fẹ ilé ìfọpo náà dé mílíọ̀nù 1.4 àgbá lójúmọ́.

Iléeṣẹ́ náà sọ pé lásìkò tí èrò pọ̀ jù níbi ìkọ́lé ilé ìfọpo náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lé ní 30,000, àwọn ará Íńdíà jẹ́ 6,400, àwọn ará Ṣáínà sì jẹ́ 3,250. Ariwo pọ̀ lórí àwọn àjèjì yìí nígbà náà. Àwọn kan ní iṣẹ́ tí ọmọ ilẹ̀ yìí lè ṣe ni wọ́n gbé fún wọn, àwọn mìíràn ní irú oníṣẹ́ tí wọ́n ń wá ò tó nílẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ohun kan hàn gbangba: púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ pariwo, iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ páìpù, iṣẹ́ iná àti iṣẹ́ kéréènì ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ wẹ́dà wò níbi iṣẹ́ epo yẹ kó kọ́ oníṣòwò lọ́gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ jó páìpù epo, wọn kì í fi sátífíkéètì nìkan gbà á. Wọ́n á gbé páìpù méjì kọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ kó má lè yí, wọ́n á ní kí wẹ́dà náà jó o pọ̀ yípo, láti òkè dé abẹ́. 6G ni wọ́n ń pe ìdánwò náà. Tó bá jó o tán, wọ́n á ya fọ́tò inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò egungun nílé ìwòsàn, tàbí kí wọ́n gé e, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, láti mọ̀ bóyá ihò wà nínú rẹ̀. Bí ẹni náà jáde yunifásítì, bó jẹ́ ìwé mẹ́fà ló kà, ojú ibi tó jó ló máa sọ.

Ti àwọn ẹnjiníà tó máa darí ẹ̀rọ ilé ìfọpo náà yàtọ̀ díẹ̀. Iléeṣẹ́ Dangote kéde pé àwọn rán ọ̀dọ́ ẹnjiníà 900 lọ kọ́ iṣẹ́ ìfọpo lókè òkun. Ẹnjiníà ni wọ́n, wọ́n ti kàwé tán kí wọ́n tó lọ. Iléeṣẹ́ tó lówó tó bẹ́ẹ̀ gan-an mọ̀ pé lẹ́yìn dìgírì, ó ṣì di dandan kí òun náwó kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́.

Oníléeṣẹ́ kékeré ò lówó tó máa fi rán èèyàn lọ sókè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń se oúnjẹ, tó ń fi ọkọ̀ gbé òṣìṣẹ́, tó ń rán aṣọ iṣẹ́, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó sì ń gbàlejò sílé ìtura lágbègbè yìí, oníléeṣẹ́ kékeré ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí iléeṣẹ́ ńlá bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn, wọ́n máa bèèrè ìwé CAC, ìwé owó-orí, ìwé iye owó iṣẹ́ tó mọ́ ketekete, àti àkọsílẹ̀ nípa ààbò òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ìwé nìyẹn, ibẹ̀ ni ẹni tó jáde yunifásítì ti wúlò. Bí wọ́n bá wá gbé iṣẹ́ náà fúnni tán, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló máa ṣe é. Méjèèjì ni oníṣòwò nílò, orí àti fìlà.

Ìṣirò ìjọba ò lè fi í hàn

Ẹni tó bá gbọ́ iye àwọn tí kò níṣẹ́ lẹ́nu ìjọba lè rò pé wàhálà ti tán. Ní ìparí ọdún 2020, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé àwọn tí kò níṣẹ́ jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, iye náà di 4.1. Kì í ṣe pé iṣẹ́ kàn ya wọ̀lú lójijì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á ni wọ́n yí padà kó lè bá tàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn mu. Ẹni tó bá ti fi wákàtí 1 péré ṣiṣẹ́ tó mówó wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti kà á mọ́ ẹni tó níṣẹ́.

Nípa báyìí, ọmọ tó gba dìgírì nínú ìmọ̀ kẹ́míkà, tó wá ń ṣe POS lábẹ́ agbòjò ní Ajah, oníṣẹ́ ni lójú ìṣirò yẹn. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún 2023, àjọ náà sọ pé 88 nínú 100 òṣìṣẹ́ nílẹ̀ yìí ló ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Iye yẹn sọ pé wọ́n ń ṣe nǹkan, kò sọ bóyá ohun tí wọ́n kọ́ níléèwé ni wọ́n ń ṣe.

Owó tó ń bá a lọ

Ká ní oníṣòwò kan ní Awóyáyà gba ẹnì kan tó jáde yunifásítì láti máa ṣàkọsílẹ̀ ọjà, tó ń san ₦100,000 fún un lóṣù. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹni náà ṣì ń kọ́ṣẹ́, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìyẹn ni pé ₦50,000 ń ṣòfò lóṣooṣù. Tó bá lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, tí ẹlòmíràn wọlé, tí tọ̀hún náà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, èèyàn mẹ́ta ló máa kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ láàárín ọdún kan. Oṣù mẹ́fà nìyẹn, ₦50,000 lọ́nà mẹ́fà, ₦300,000. Owó oṣù mẹ́ta gbáko ti lọ, kò sì tíì kan ọjà tí wọ́n ṣì kà àti oníbàárà tó bínú kúrò.

Ká tún ní oníṣòwò náà fi ₦10,000 kún owó oṣù, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó dúró pẹ́. Àfikún yẹn jẹ́ ₦120,000 lọ́dún. Oṣù méjì tí òun náà fi kọ́ṣẹ́ máa jẹ́ ₦110,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦230,000, kò tó ti àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, tí kò sí ìkọ́ṣẹ́ mọ́, ₦120,000 péré ló kù. Ẹni tó rò pé òun ń fi owó pọ́ọ́kú gba òṣìṣẹ́ lè jẹ́ ẹni tó ń náwó jù ládùúgbò.

Ohun tí oníléeṣẹ́ kékeré lè ṣe

Èkíní, kó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó kọ ìwé-ẹ̀rí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn ń wá ẹni tó ní B.Sc., nígbà tó jẹ́ pé ọjà ni ẹni náà máa wá tà. Ìkéde bẹ́ẹ̀ ń lé ẹni tó ṣe OND tàbí tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì sá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló lè mọ iṣẹ́ náà, kó sì dúró. Dípò kó kọ orúkọ dìgírì, kó kọ ọ́ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ lè ṣírò ọjà lálẹ́ kó pé, kó lè lo kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀, kó sì lè kọ lẹ́tà sí oníbàárà.

Èkejì, kó yẹ ọwọ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ti wẹ́dà wò. Ẹni tó fẹ́ ṣe akáńtáǹtì, kó kó rìsíìtì ogún fún un tí àṣìṣe méjì wà nínú wọn, kó ní kó wá wọn jáde. Ẹni tó fẹ́ máa dá oníbàárà lóhùn, kó ní kó fèsì lẹ́tà ẹni tí inú ń bí. Ẹni tó fẹ́ se oúnjẹ, kó se é kí wọ́n tọ́ ọ wò. Bí ìdánwò náà bá gba odindi ọjọ́ kan, kí oníṣòwò san owó ọjọ́ yẹn, nítorí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kọ́ ni wọ́n pè é wá ṣe.

Ẹ̀kẹta, kó máa lo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ibi tí wọ́n ti máa ṣe IT. Ibi tí wọ́n wà ò jìnnà. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU wà n'Ẹ́pẹ̀ẹ́, Yaba Tech ní ọgbà níbẹ̀, LASUED wà ní Nófọrijà, iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Odòmọ́là, Pan-Atlantic University sì wà n'Íbẹ̀jú-Lẹ́kkí gan-an. Ọmọ pólì tó bá parí OND máa ń fi ọdún kan ṣiṣẹ́ kó tó lọ fún HND. Ọdún kan tó láti mọ ìwà èèyàn àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá sí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oúnjẹ ni wọ́n ń rán ọmọ náà lọ rà láti àárọ̀ dalẹ́, oníṣòwò ò ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ọmọ náà ò sì ní mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kó pa ọ̀gá oníṣẹ́ àti ẹni tó jáde yunifásítì pọ̀. Àṣà yìí kì í ṣe tuntun. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ iṣẹ́ máa ń jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ títí tó fi máa gba fírídọ̀mù. Ní Jámánì, wọ́n ti fi òfin gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ dúró láti ọdún 1969. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ máa ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ níléèwé, ó ń lo ìyókù níléeṣẹ́, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ó máa ń gba tó ọdún mẹ́ta tàbí kó lé díẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké sì wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Ṣàngótẹ̀dó, ọ̀gá tí kò lọ sí yunifásítì lè gbọ́ ìró ẹ̀rọ kó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó kàwé lè ka ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá, kó kọ iye owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ńlá, kó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ nítorí òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, kí èkíní ti kọ́ èkejì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ẹ̀karùn-ún, kó má gbàgbé owó ITF. Òfin àjọ náà tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2011 sọ pé iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 5 ṣùgbọ́n tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó mílíọ̀nù ₦50, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé wọ́n ń gba owó náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ pé èyí tó tó ìdajì rẹ̀ lè padà sọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ òṣìṣẹ́ òun níṣẹ́ bí àjọ náà ṣe là á kalẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ òṣìṣẹ́, kó máa tọ́jú ìwé rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, kó sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ náà. Àwọn oníṣòwò kan máa ń gba ojúlówó sátífíkéètì òṣìṣẹ́ pamọ́ kó má bàa sá lọ. Ẹni tó fẹ́ lọ máa lọ, ìwà kò-sí-bí-wọ́n-ṣe-máa-ṣe-é sì ni onítọ̀hún máa fi ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ tó máa lọ. Ìwé àdéhùn tó sọ iye owó, àkókò ìdánwò, iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fúnra wọn kí iṣẹ́ tó parí, àti ìgbà tí owó máa lé, ló ń mú èèyàn dúró ju sátífíkéètì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lọ.

Ẹni tó jáde yunifásítì náà ò gbọ́dọ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú oníṣòwò. Òun kọ́ ló ṣe ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ, òun kọ́ ló fi ẹ̀rọ iléèwé sínú páálí. Ẹni tó lè ka ìwé ọdún mẹ́rin yege lè kọ́ṣẹ́, bó bá rí ẹni tó máa kọ́ ọ. Bí iléeṣẹ́ ìfọpo bá sì fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi ń pọ̀ sí i ní èbúté, iṣẹ́ tuntun máa tún wá fáwọn oníléeṣẹ́ kékeré tó ti múra sílẹ̀.

Nítorí náà, kí oníṣòwò tó lẹ ìwé mìíràn mọ́ ara ògiri, kó kọ́kọ́ mú bébà kan. Kó kọ ohun mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ní ọjọ́ tó bá wọlé sí apá kan, kó kọ ohun mẹ́ta tí òun ṣetán láti kọ́ ọ sí apá kejì. Bí apá kejì bá ṣófo, kò tíì yẹ kó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́.